Agolo Tí Ẹ Dáná Sun

Ó dìgbà tí èmi náà bá tó dé ibi tí o wà, Bàbá Rúùtù. Ó dìgbà náà kí n tó tún gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn ilé, tí wàá máa bi mí pé abẹ́rẹ́ mi dà. Sámúẹ́lì Àjàní, ọmọ Ìdásẹn, ọkọ mi, olówó orí mi, o lọ sóko láàárọ̀, wọ́n sì fi ẹní gbé ọ wálé.

Àwọn tó ṣètò ìwé ìsìnkú yìí ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìtùnú bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní opó kì í gbóhùn sókè, pé kí n kọ ohun tí yóò jẹ́ kí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó rọlẹ̀. Mo gbọ́. Mo kúnlẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo sì dìde, mo wá kọ èyí. Inú ń bí mi. Ẹni tó bá ń wá ìtùnú, kó ṣí ojú ìwé tí orin wà.

Bàbá Súlè tó ń tẹ̀wé láàárín ìlú Ọ̀wọ̀ ló tẹ ìwé yìí. Wọ́n lọ bá a pé kó yọ ọ̀rọ̀ mi kúrò, kó fi Sáàmù kan dí àyè rẹ̀. Mùsùlùmí ni bàbá náà, kò sí nínú ìjà ìjọ wa. Ó ní, “Òun ló lòkú. Ohun tó kọ ni mo máa tẹ̀.” Ọlọ́run yóò dá ọ lọ́lá, Bàbá Súlè.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ kí wọ́n tó bo ọkọ mi mọ́lẹ̀. Lójú ìwé kejì, níbi tí ìgbìmọ̀ ìjọ wa ti kọ ìtàn ayé rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó “kọ òògùn sílẹ̀ kí ọlọ́jọ́ tó dé.” Irọ́ ni. Àjàní kò ní òògùn rí láyé rẹ̀. Ẹ̀yin tí pẹ́ńsù wà lápò yín, ẹ mú un jáde, ẹ fa ìlà lé ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó ka tèmi síwájú. Mo ti fa tèmi.

Ọkọ mi, bí ènìyàn bá bèèrè ẹni tí o jẹ́, àgbẹ̀ ni. Oko kòkó rẹ wà ní Ìmọ̀rù, ilé rẹ wà ní Ìdásẹn, o sì fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ mọ gbogbo kòtò àti gegele tó wà láàárín méjèèjì. Ọkùnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí àpárá tó ń dá tó parí, tí a kì í wá mọ ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Aláàánú tí ń bá opó túlẹ̀ kí ó tó tú tirẹ̀. Baálé tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ kí àwọn ọmọ tó yó. O jẹ́ ọkọ fún mi, o jẹ́ ọ̀rẹ́ fún mi, o sì jẹ́ olè fún àpótí ìránṣọ mi. Bí mo bá ní kí n máa yìn ọ́, ilẹ̀ yóò ṣú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyìn ló ń jó mi nínú lónìí.

Kí a tó fẹ́ra, nígbà tí o ń wá ilẹ̀ tí o máa dá oko sí, o sọnù nínú igbó tó wà lẹ́yìn Ẹlẹ́gbẹ̀ka, níhà odò Ọ̀sẹ̀. Òjò ká ọ mọ́bẹ̀. Ìṣáná tó wà lápò rẹ rin, o kò rí iná dá, o kò sì rí ohun tí o lè fi pe ẹnikẹ́ni. O jẹ èso tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, inú run ọ́. Ẹ̀gún wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wú. Ọlọ́run ló ní kí àwọn ọdẹ gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ló gbé ọ dé ẹ̀bá títì. Ìtàn yìí lo sọ fún mi nígbà tí o ń tọrọ mi. Mo ní irú ọkùnrin wo ló ń fi ìtàn bó ṣe sọnù tọrọ obìnrin. O ní irú èyí tí kò ní sọnù mọ́ ni.

Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ agolo náà nìyẹn. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ kí n tú u fún yín níhìn-ín, nítorí òun ni wọ́n ń pè ní òògùn. Agolo sìgá pẹlẹbẹ ni, èyí tí akọ̀wé kan mu sìgá inú rẹ̀ tán tó sì jù ú nù lọ́jà. Ìṣáná wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi máa ń yọ́ àbẹ́là lẹ́bàá ààrò mi, yóò máa ti orí ìṣáná bọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan kí omi má lè ràn án. Bó bá fẹ́ ṣá a, yóò fi èékánná ha àbẹ́là náà kúrò. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú. Bíléèdì wà níbẹ̀. Ìwọ̀ ẹja àti okùn rẹ̀ wà níbẹ̀, àti iyọ̀ díẹ̀ tí a fi bébà wé, àti àfọ́kù dígí tó ti fi òkúta ha lẹ́nu kó má baà gé e lọ́wọ́. Bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo tán, yóò mú rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, yóò fi wé e yíká. Rọ́bà yẹn kò jẹ́ kí omi wọlé, òun fúnra rẹ̀ sì níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń so ohun tó bá já. Àjákù gèlè pupa mi ló fi dì í lókè. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ pupa. Ó ní bí agolo bá bọ́ sínú koríko, pupa ni ojú máa tètè rí.

Gbogbo àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Kò sí èyí tí kò sí nínú ilé yín.

O máa ń so ó mọ́ bẹ́líìtì rẹ, Àjàní, bí o bá ti ń lọ sóko. Bí òjò ọdún kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, wàá ju agolo náà sínú bàsíà omi, wàá lọ jẹun, wàá sinmi, lẹ́yìn náà ni wàá yọ ọ́, wàá ṣá ìṣáná kan níbẹ̀. Bó bá ti gbiná, ijó ni. Àwọn ọmọ á máa tẹ̀ lé ọ jó yíká àgbàlá. Àwọn ará àdúgbò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kan náà lo sì ń fún wọn ní ohùn ilé wa: “Ugbó éè mọ ẹni.” Igbó kò mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan ni ọ́, kò mọ̀ pé ìyàwó ń retí rẹ nílé.

Mo fojú mi rí iṣẹ́ agolo náà. Mo wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé wa láti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ẹlẹ́gbẹ̀ka lọ́jọ́ tí rọ́bà tó ń gbé omi lọ sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bẹ́. Dírẹ́bà káwọ́ lérí. Ìwọ sọ̀kalẹ̀, o tú rọ́bà kẹ̀kẹ́, o fi dì í gírígírí, a sì dé ibi tí à ń lọ. Mo wà pẹ̀lú rẹ lóko nígbà tí odò kún tí a kò lè kọjá, tí oúnjẹ tán pátápátá. Ìwọ̀ inú agolo ló fún wa lẹ́ja, iyọ̀ inú agolo la fi jẹ ẹ́.

Alàgbà kan sì wà nínú ìjọ wa. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ìjókòó iwájú ló sì jókòó sí lónìí. Ẹ̀gún wọlé sí alàgbà yìí lẹ́sẹ̀ lọ́nà Ìmọ̀rù lọ́dún kan, ó wọnú ẹran lọ, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ìwọ lo bá a níbẹ̀. O mú un jókòó lórí igi tó wó, o dáná, o fi abẹ́rẹ́ sínú iná, o fi bíléèdì la ojú ibẹ̀, o sì fa ẹ̀gún náà yọ. O fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. O gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ, o sì tì í dé Ẹlẹ́gbẹ̀ka. Alàgbà gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní áńgẹ́lì ni ọ́.

Nígbà tó yá, ìsọjí dé. Ẹ̀yin náà rántí. Àwọn èèyàn ń kó oǹdè àti ìgbàdí jáde láti abẹ́ ibùsùn, wọ́n ń sun wọ́n níwájú ilé ìjọ. N kò bá wọn wí. Ẹni tó ní òògùn mọ̀ pé òun ní in. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ti jó ohun tó máa jó, tí kò sí ẹni tó ń kó nǹkan wá mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí ara wọn. Alàgbà wa dìde nínú ìpàdé. Ó ní òun rí ohun tí a fi aṣọ pupa dì ní ìdí Àjàní. Ó ní abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, pé òun fojú ara òun rí i. Kò purọ́. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló ti rí i.

Wọ́n pè ọ́, o lọ. O tú agolo náà palẹ̀ lórí tábìlì níwájú wọn. Wọ́n wo abẹ́rẹ́, wọ́n wo aṣọ pupa, wọ́n wo rọ́bà dúdú, wọ́n sì wo ojú ara wọn. Ẹnì kan bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi àbẹ́là pa ìṣáná lórí, irú ètùtù wo nìyẹn. O ṣàlàyé. Ẹlòmíràn ní, bí kì í bá ṣe òògùn, kí ló dé tí o kò lè fi sílẹ̀? Ẹ kíyè sí ìbéèrè yẹn, ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní làákàyè. Bó bá fi sílẹ̀, òògùn ló fi sílẹ̀. Bí kò bá fi sílẹ̀, agbára òògùn náà ló dì í mú. Kò sí ìdáhùn tí ọmọ èèyàn lè fún wọn.

O kọ̀. O dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ títí wọ́n fi fọwọ́ kan Rúùtù, ọmọ wa. Rúùtù ń múra ìgbéyàwó, ó sì yẹ kí wọ́n kéde orúkọ rẹ̀ àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́ta kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní kéde ọmọ olóògùn. Ìdílé ọkọ rẹ̀ kò wá sílé wa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ náà ń sunkún, kò jẹun. Mo sọ fún ọ pé má ṣe gbà. Mo ní kí a gbé ìgbéyàwó náà lọ sí ìjọ mìíràn, kódà kí a lọ ṣe é ní kóòtù. O ní, “Ìyá Rúùtù, agolo lásán ni. Àlàáfíà ọmọ jù ú lọ.”

Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà, mo sì ń bínú sí ọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwọ tí igbó ti nà tó sì ti kọ́ lọ́gbọ́n, o jẹ́ kí àwọn tí oko wọn kò kọjá ẹ̀bá títì wá pàṣẹ ohun tí o máa so mọ́ ìdí. Wọ́n tún mú ọ jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ pé o kò ní ṣe òmíràn láéláé. Wọ́n mọ irú ẹni tí o jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé o kì í yẹ ẹ̀jẹ́.

Wọ́n sọ ọ́ sínú iná, wọ́n ń kọrin. Mo dúró níbẹ̀, mo wò ó. Aṣọ jó, rọ́bà jó, èéfín dúdú rú. Nígbà tí iná dé ọ̀dọ̀ ìṣáná, gbogbo rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ta pàà, iná sì fò sókè. Àwọn èèyàn ń pariwo pé Sátánì ti ń sá lọ. Ìṣáná ni. Ìṣáná tí ọkọ mi jókòó tì lẹ́bàá ààrò, tó ń rì bọ àbẹ́là pẹ̀lú sùúrù, ni ẹ ń lé lọ bí ẹ̀mí èṣù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ìkéde àkọ́kọ́ jáde. O wo Rúùtù, o rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ìkejì tó jáde, o lọ sí oko Ìmọ̀rù láti lọ ro abẹ́ kòkó. Òjò ti rọ̀. Àdá yọ̀ lára kùkùté tútù, ó sì gé ọ lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún. Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀.

Gbogbo àgbẹ̀ Ìmọ̀rù ló mọ ohun tí èéfín ń wí. Bí ẹnì kan bá dáná lọ́sàn-án gangan tó sì kó ewé tútù lé e lórí, tí èéfín funfun gùn sókè ju igi lọ, wọn kì í bèèrè ẹni tí ó ni ín, wọ́n á sáré lọ ni. Àwọn tí oko wọn bá tìrẹ pààlà sọ fún mi pé àwọn wà lóko títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọn kò rí èéfín kankan.

Adẹ́mu ló rí ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. O ti wọ́ dé ẹ̀bá ọ̀nà. O ti kó igi jọ, o ti kó ewé tútù jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Páálí ìṣáná wà lọ́wọ́ rẹ, ó ti rin gbindin, àwọn ìṣáná tí o ṣá títí wọ́n fi ṣẹ́ sì wà nílẹ̀ yí ọ ká. O ti fi ẹ̀wù rẹ di ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀wù tútù kì í fún mọ́ra bíi rọ́bà. Ó ti tú.

Nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ọ́, mo di ọwọ́ rẹ mú. Orí àwọn ìka rẹ ti bó níbi tí o ti ń ṣá ìṣáná. Àwọn tó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú, ẹ sọ fún mi, ibo ni kí n fi àwọn ìka yẹn sí?

Alàgbà wá kí mi. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí Àjàní kó òògùn rẹ̀ dànù kó tó kú, pé ẹ̀mí rẹ̀ ti rí ìgbàlà. Nígbà tó dìde tó ń lọ, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó sọ nílé mi lọ́jọ́ náà ni ẹ rí lójú ìwé kejì yẹn, mo sì gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwàásù lórí pósí ọkọ mi, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n. Kí wọ́n sọ ọ́ bó bá wù wọ́n. Bí wọ́n bá ti là á lẹ́nu, n ó dìde nínú aṣọ ọ̀fọ̀ mi, n ó sì ka ohun tí mo kọ yìí sókè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń lọ sóko, ẹ má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ́ àbẹ́là, ẹ ti ìṣáná yín bọ̀ ọ́. Ẹ bẹ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n fún yín ní àjákù rọ́bà. Àwọn obìnrin Ìmọ̀rù ti wá bá mi, mo ti kọ́ wọn bí ọkọ mi ṣe ń ṣe é. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ sun gbogbo rẹ̀, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

Àjàní, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Wọ́n wá bá mi pé kí a sún ìgbéyàwó Rúùtù síwájú, pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, pé ojú ayé ń wò wá. Mo ní kò ní sún. Ìkéde kejì yóò jáde, ìkẹta yóò jáde, láti ẹnu àwọn kan náà tí kò fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni n ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú wọ ilé ìjọ. Kì í ṣe àbúrò rẹ, kì í sì í ṣe alàgbà kankan. Nígbà tí wọ́n bá bèèrè pé ta ni ó fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí, n ó dá wọn lóhùn pé Sámúẹ́lì Àjàní ni, àgbẹ̀ Ìmọ̀rù, tí kò ní òògùn rí. N kò ní jókòó títí ẹni tó bèèrè yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ, kí gbogbo ìjọ gbọ́.

Sùn re ní tìrẹ, ọkọ mi. Èmi kò tíì sùn.

Ẹ́sítà, aya rẹ.